Ẹ Yí Títì Rẹ̀ Dojú Délẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó: Mọ́tò Aré Oníná Tòkunbọ̀ ní Sábó, Ìkòròdú

Nínú gbogbo àwọn tó ń ta ohun ìṣeré tòkunbọ̀ ní Ìkòròdú, ọkùnrin kan wà nítòsí Sábó tí mo máa ń júwe fún ẹni tó bá ń wá mọ́tò aré oníná. Èyí tí mò ń wí ni irú tó ń sáré lórí títì oníke, tí ahọ́n abẹ́ rẹ̀ wọ inú ihò tóóró tó la títì náà já, tí irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yẹn sì ń gbé iná fún un. Ọmọ á di kọ̀ntírólà mú, á máa fi ìka fà á. Bó bá fà á jù, mọ́tò á fò jáde níbi kọ́nà. Ọjà ọkùnrin yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dára ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kéèyàn da inú àpò sílẹ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ní tábìlì àti iná tí a lè fi dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Èmi máa ń fi ohun ìṣeré háyà fún àwọn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ, láti Ìgbógbó dé Àgíríìkì títí lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀. Mo ní ilé oníròbà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, mo ní tábìlì bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n tábìlì mọ́tò aré yìí ni àwọn ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́jọ sókè máa ń tò sí. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí ọjà yìí, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé kó so pọ̀, kó má já láàárín òde àríyá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi kọ èyí. Oníṣòwò kan tó ń tajà lórí fóònù ta àpò títì kan fún oníbàárà mi kan, ó ní odidi Scalextric (orúkọ irú mọ́tò aré yìí kan) ni, kò sí ohun tó kù níbẹ̀. Ìyá ọmọ náà gbé e wá fún mi pé kí n bá òun tò ó fún ọjọ́ ìbí. Oríṣi títì mẹ́ta ló wà nínú àpò yẹn, wọn kò sì gba ara wọn. Bí a bá so èyí pọ̀ mọ́ ìyẹn, àlàfo tó ṣẹ́kù á gba ìka méjì. Oníṣòwò náà kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí, nítorí obìnrin yẹn ti fi owó pamọ́ kó tó ra nǹkan ọ̀hún, ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ ohun tí a ń wò lábẹ́ títì ì bá ti rí i kíákíá.

Ní ọjà tiwa, Scalextric ni gbogbo èèyàn ń pe gbogbo rẹ̀. Orúkọ yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì lọ́jú pọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Fred Francis, tó ni ilé iṣẹ́ Minimodels, ló gbé mọ́tò onípáànù kan jáde ní 1952 tó pè ní Scalex. Kò lo iná rárá nígbà yẹn. Ní 1957 ó fi iná sí i, ó sọ ọ́ di Scalextric, ó gbé e lọ síbi ìpàtẹ ohun ìṣeré ní Harrogate. Rọ́bà ni títì ìgbà yẹn. Nígbà tó fi máa di 1958, ó ti ta ilé iṣẹ́ náà fún Lines Bros, àwọn tó ni orúkọ ohun ìṣeré Tri-ang, àwọn ló sì sọ títì rẹ̀ di oníke ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Títì oníke yẹn ni wọ́n wá ń pè ní Classic lónìí. Lines Bros wó ní 1971, orúkọ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Hornby. Ní 2001 Hornby gbé títì tuntun tí wọ́n pè ní Sport jáde, ìsopọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí ti Classic.

Ìyẹn nìkan ì bá rọrùn. Ní àwọn ọdún 1960 kan náà, ilé iṣẹ́ Exin ní Spéènì gba àṣẹ láti máa ṣe Scalextric lọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, orúkọ náà di ti àwọn ará Spéènì pátápátá nínú ilẹ̀ wọn. Ilé iṣẹ́ Tecnitoys ló wá jogún rẹ̀. Nígbà tí Tecnitoys ń tajà rẹ̀ jáde kúrò ní Spéènì, SCX ló ń jẹ́. Bí Hornby bá sì fẹ́ ta ti Gẹ̀ẹ́sì nínú Spéènì, SuperSlot ló ní láti kọ sí i. Orúkọ kan di bí ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ tà fún ẹni méjì, tí kálukú ní rìsíìtì lọ́wọ́, tí kò sì sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Àwọn kọ̀nténà tó ń já ẹrù sí Èkó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, láti Spéènì, láti Jámánì, láti Amẹ́ríkà, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan.

Ohun tó dára nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé títì Spéènì àtijọ́ àti Classic ti Gẹ̀ẹ́sì, orísun kan náà ni wọ́n ti wá, wọ́n sì máa ń gba ara wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí SCX tí kì í ṣe digital (irú tí chip wà nínú mọ́tò rẹ̀, mo ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀) pẹ̀lú Classic nínú àpò kan, ẹ má bẹ̀rù. Sport ni kò gba Classic. Hornby ṣe títì kékeré kan tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ jẹ́ Classic, tí ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ Sport; nọ́ńbà rẹ̀ ni C8222. Bí ẹ bá bá a pàdé nínú àpò, ẹ mú un, kódà bí ẹ kò bá tíì nílò rẹ̀. Méjì ni títì alọ-àbọ̀ kan máa ń gbà, nítorí pé a ó jáde kúrò lórí Classic, a ó sì padà wọ̀ ọ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ wọ́n nìyí. Ẹ yí i dojú délẹ̀. Lábẹ́ títì ni orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà wà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ike náà lára. Classic àtijọ́ máa ń ní «Made in England» níbẹ̀. Ojú rẹ̀ le, ó rí ṣákiṣàki lábẹ́ àtàǹpàkò, nígbà tí ojú Sport ń yọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń yọ tépù télọ̀ mi jáde, mo máa ń wọn láti àárín ihò kan dé àárín ihò kejì. Bó bá jẹ́ mìlímítà 78, ìdílé Scalextric ni. Bó bá jẹ́ 90, Ninco ni, ilé iṣẹ́ Spéènì mìíràn tó dé ní àwọn ọdún 1990. Bó bá sún mọ́ 100, Carrera ti Jámánì ni. Bó bá kéré gan-an ju 78 lọ, ẹ ti bọ́ sínú àwọn mọ́tò kékeré, bíi Carrera GO!!! tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:43, ìyẹn ni pé mọ́tò gidi gùn tó mẹ́tàlélógójì irú rẹ̀. Kò sí èyí tó lè gba ìkejì nínú àwọn wọ̀nyí, bó ti wù kí ẹ fi agbára tì í tó.

Carrera yẹn ni mo fẹ́ràn jù, mi ò ní pa á mọ́. Ìdílé Neuhierl ní ìlú Fürth ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1963. Ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè ní 1985, àwọn Stadlbauer ti Austria sì rà á ní 1999. Títì Evolution wọn fẹ̀ tó mìlímítà 198, ti Scalextric kò ju 156 lọ, nítorí náà mọ́tò ńlá 1:24 àti mọ́tò 1:32 lè sáré lórí títì kan náà. Àwọn ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi kọ́nà. Ṣùgbọ́n ààyè ló ń gbà. Nínú pálọ̀ yàrá méjì ní Ìta Ẹlẹ́wà, ẹ ó ní láti gbé àga jáde. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, Scalextric Sport ni mo máa ń ní kí wọ́n rà, òun náà ló sì pọ̀ jù nínú ẹrù tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá, tí a fi lè rí àfikún rà lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe àṣìmú láàárín mọ́tò àti títì. Títì ni kì í gba títì. Mọ́tò 1:32 lè sáré lórí títì ilé iṣẹ́ mìíràn dé ìwọ̀n àyè kan. Ahọ́n abẹ́ mọ́tò Carrera máa ń gùn ju bí ihò Scalextric ṣe jìn lọ, á máa ta ìsàlẹ̀ ihò, iwájú mọ́tò á sì gbé sókè díẹ̀, tí wáyà abẹ́ rẹ̀ kò ní fara kan irin dáadáa. Kí a pààrọ̀ ahọ́n náà tàbí kí a gé e díẹ̀, ó parí. Wáyà yẹn náà, ẹ wò ó dáadáa: okùn bàbà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí wọ́n hun pọ̀ ni, bó bá ti wọ̀ tó sì ti dúdú, mọ́tò á máa rìn á máa dúró. Mo máa ń fi abẹ́rẹ́ tú u sílẹ̀, kó ṣí bí ìrù, kó lè gbé ara lé irin. Irin títì tó bá sì ti dógùn-ún nítorí ọ̀rinrin ọ̀sà wa yìí, írésà ọmọ iléèwé ni mo fi ń nù ún. Ẹ má fi sáńpépà lé e, torí ojú irin tí a bá ti ha báyìí ni ìdógùn-ún mìíràn máa ń tètè mú.

Digital ni mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni rà ní tòkunbọ̀ láìrí ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn àpótí tí iná ń gbà wọlé. Scalextric gbé tirẹ̀ jáde ní 2004, àwọn SCX, Carrera àti Ninco náà ṣe tiwọn. Ó dára púpọ̀: mọ́tò bíi mẹ́fà lè wà lórí títì kan, kí ọ̀kan sì bọ́ sí ojú ihò kejì láti ya ẹlòmíì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kálukú ló ní èdè tirẹ̀. Títì Carrera Digital 132 àti Evolution bá ara wọn mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Scalextric Digital àti Sport, ó kàn jẹ́ pé chip inú mọ́tò SCX kò ní gbọ́ ohun tí ọpọlọ Carrera ń sọ láé. Ọpọlọ náà gan-an ló sì máa ń sọnù kí ẹrù tó dé Sábó.

Ní ọ̀rọ̀ iná, ọkùnrin Sábó yìí ṣe ohun kan níṣojú mi tó mú kí n fọkàn tán an. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wo àpò títì kékeré kan tó ti Amẹ́ríkà wá, àwọn AFX ni. Ìdílé mìíràn nìyẹn: Aurora ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde lọ́hùn-ún ní 1960, AFX dé ní 1971, Tomy wá gbà á, Tyco sì jẹ́ abánidíje wọn, títì Tyco kò sì gba ti AFX. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti na ọwọ́ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì.

«Àbúrò, dúró ná,» ni ọlọ́jà wí. «Ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.»

«120 fólítì, Àlàájì.»

«Kí ni NEPA ń fún wa?»

«230.»

«Gbé e sílẹ̀. Tó o bá máa rà á, wá táńsífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀ kó o tó gbé e wá síbí.»

Ó lè ti gba owó rẹ̀ kó sì jẹ́ kó lọ jó o nílé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì bá púlọ́ọ̀gì ilé wa mu, ti Jámánì àti ti Spéènì fẹ́ àdápítọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì lásán. Amẹ́ríkà ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Mo ní ẹ̀sùn tí mo fi kan ṣọ́ọ̀bù náà. Kì í ya títì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe ni ẹni tó wá rajà ń bá a ṣe, bí ẹ bá sì ti gbé ọjà kọjá ẹnu ọ̀nà, kò ní gbà á padà. Kò tún ń ka kọ́nà. Nínú Scalextric, kọ́nà tó wọ́pọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní radius 2, mẹ́jọ ló ń pé yípo kan. Èyí tó fẹ̀ jù ú, radius 3, mẹ́rìndínlógún. Àpò rẹ̀ tó ní títì gbọọrọ ogún pẹ̀lú kọ́nà márùn-ún kò lè yí padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, síbẹ̀ iye kan náà ló ń tà á. Mo ti bá a sọ ọ́. Ó ní òun á rí sí i. Títí ìgbà tó bá ṣe é, ẹ ka kọ́nà yín fúnra yín, kí ẹ sì fi ìyẹn já owó rẹ̀ wálẹ̀, nítorí kò gan sí ìdúnàádúrà.

Fún ìtọ́jú oníbàárà, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún bó ṣe to ọjà, méjì.

Ọjọ́ Jímọ̀, kì í ṣí títí wọ́n á fi kírun tán. Nígbà tí mo wà níbẹ̀ kẹ́yìn, àpò Sport kan wà lábẹ́ tábìlì tí C8222 méjì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kọ́nà radius 2 tó pé. Mi ò rà á torí mo ti ní tèmi. Ẹni tí Classic bá wà nílé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kó tètè débẹ̀.