Kingsway ti Marina: òun ni mo ṣì fi ń wọn gbogbo ṣọ́ọ̀bù

Tí wọ́n bá ní kí n fún ṣọ́ọ̀bù kan ní máàkì, Kingsway tó wà ní Marina l'Ékòó ni màá kọ́kọ́ dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lọ mall lónìí. Iléeṣẹ́ UAC ló ni ín, 1948 ni wọ́n ṣí ilé ńlá ti Marina yẹn, wọ́n ní òmíràn ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, wọ́n ní ní Jos, wọ́n ní ní Port Harcourt, ṣùgbọ́n ti Marina ni èmi mọ̀ torí ibẹ̀ ni màmá mi máa ń kó wa lọ tí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé.

Ẹ máa bọ́ sílẹ̀ ní CMS, òógùn ti bo gbogbo ara, ẹ rìn díẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ti ilẹ̀kùn gíláàsì yẹn báyìí, otútù AC á pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí AC nílé wa nígbà yẹn o, kò sí nílé ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa. Aṣọ ọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀, abọ́ àti ife tánńganran lọ́tọ̀, ohun ìṣeré ọmọdé lọ́tọ̀, wọ́n sì kọ iye owó sára gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Balógun á mọ ìdí tí mo fi ń sọ èyí. Ní Balógun, ẹni tí ò bá mọ ọjà ná, wọ́n á gbówó lé e. Ní Kingsway, iye tí mánéjà báńkì bá san náà ni màmá mi tó jẹ́ tíṣà pírámárì máa san, kò sì sẹ́ni tó máa wò ó lókè wò ó nílẹ̀ kó tó dá a lóhùn.

Arábìnrin tó máa ń ta bàtà fún wa, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láé. Yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ á gún régé. Á kí màmá mi, "Ẹ káàbọ̀ mà," á fa àpótí kékeré sún mọ́ mi kí n jókòó, á kúnlẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ mi lé orí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀, tí mo bá ti wá wọ bàtà náà tán á fi àtàǹpàkò tẹ imú ẹ̀ bóyá àyè ṣì kù fún ọmọ ìka mi, á ní kí n rìn lọ kí n rìn bọ̀. Tó bá rí i pé kò bá mi mu, á sọ fún màmá mi, "Ẹ má ra èyí mà, á há a lẹ́sẹ̀," bẹ́ẹ̀ kó lè tajà ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́. Tó bá wá bá mi mu, á fi pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, á tò ó sínú páálí, á so okùn mọ́ ọn, á kọ rìsíìtì.

Kérésì wá ni gan-an gan! Father Christmas Kingsway, ọmọ Èkó wo ló dàgbà nígbà yẹn tí ò mọ̀ ọ́n? Àwọn ọmọ á tò gbọọrọ, àwọn kan á ti máa sunkún torí irùngbọ̀n funfun yẹn ń bà wọ́n lẹ́rù, títí á fi kan tìẹ, á bi ọ́ lórúkọ, á gbé ẹ̀bùn tí wọ́n ti wé dáadáa lé ọ lọ́wọ́. Lọ́dún kan aago ọwọ́ oníke ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, kì í rìn, mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń na ọwọ́ sókè kí gbogbo ayé lè rí i.

Tówó bá ṣẹ́ kù, a máa yà ní Rendezvous, ilé oúnjẹ wọn, lọ jẹ míìtì-páì àti áísìkiriìmù. Ibẹ̀ ni Mr Bigg's, ilé oúnjẹ tí UAC ṣí ní 1986, ti yọrí.

Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá yòókù, UTC náà dáa, Leventis náà dáa, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Ohun tí mo kà sí Kingsway lọ́rùn ni pé ó wọ́n. Ọ̀yìngbò la ti ń ra ohun tá à ń jẹ, ti ọdún nìkan là ń bá lọ sí Marina. Àfi ìgbà tówó Udoji wọlé ní 1975, tí ìjọba san àfikún owó oṣù fáwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú owó ẹ̀yìn, ṣe lèrò ń ya lọ sáwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, tẹlòmíì ń gbé rédíò, tẹlòmíì ń gbé fíríìjì, bàbá mi náà gbé fáànù wálé. Ọjà òkè òkun ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, ìyẹn ló padà ṣe wọ́n níjàǹbá, torí nígbà tówó epo já wálẹ̀, tí wọ́n ń wá láísẹ́ńsì kí wọ́n tó lè kó ọjà wọlé, SAP, ètò tí ìjọba fi ń tún ọrọ̀ ajé tò, tún dé ní 1986, náírà tó ti níyì ju dọ́là lọ rí ṣubú lulẹ̀, ta ló máa ra ife ìlú òyìnbó níye yẹn?

Láìpẹ́ yìí mo lọ ra bàtà fún ọmọ-ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ. Ilé náà ń dán, AC ẹ̀ tutù. Mo béèrè nọ́ńbà tó tóbi díẹ̀, ọmọbìnrin tó dúró síbẹ̀ ò gbójú kúrò lára fóònù, ó ní, "Èyí tẹ́ ẹ rí yẹn náà ló wà mà." Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe tìtorí bàtà. Ẹnì kan ò kọ́ ọmọ yẹn níṣẹ́ ni.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Kingsway, owó ọjà ni mo yọ ọ̀kan fún. Àwọn kan tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣì wà láyé, ẹni tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù báyìí, kó tètè wá wọn lọ sílé, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá a kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ gbà síṣẹ́.