Àga Ilé Bàbá Àbí Tòkunbọ̀: Èwo Ni Kí Ẹ Rà L'Ábẹ́òkúta?

Bí ẹ bá ń wá àga ńlá aláwọ tó wú bíi búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Àga tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí wọ́n ń ṣe láàrin nǹkan bí 1945 sí 1970: igi rẹ̀ hàn síta, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sílẹ̀, ó sì yà díẹ̀, kúṣìn orí rẹ̀ ṣeé gbé kúrò. Àwọn ará Denmark àti Amẹ́ríkà ló sọ irú rẹ̀ di olówó gọbọi. Hans Wegner ti Denmark ya èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bíi lẹ́tà Y ní 1949. Charles àti Ray Eames gbé àga aláwọ tiwọn jáde ní Amẹ́ríkà ní 1956, ojúlówó rẹ̀ lónìí sì tó owó ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ẹ gbàgbé ojúlówó. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fiyè sí ni pé láyé ìjọba Western Region, àwọn káfíńtà tiwa náà ń kan àga tó fara jọ ọ́ fún tíṣà, akọ̀wé àti oníkòkó. Ó ṣì kù ní yàrá ẹ̀yìn àwọn ilé kan ní Aké àti Ìbarà, adìyẹ ń yé ẹyin lé e lórí.

Ọ̀nà méjì la fi ń rí i rà ní pọ́ọ́kú. Àlòkù ilé kan wà, ìyẹn èyí tí ìdílé fẹ́ mú kúrò nílẹ̀. Tòkunbọ̀ wà, tó bá kọ̀ǹténà wọlé láti òkè òkun. Tèmi ni pé bó bá jẹ́ àga ìjókòó, àlòkù ilé ni kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù gbọọrọ tí ẹ fẹ́ gbé tẹlifíṣàn lé, ẹ lè wo tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ la ojú yín dáadáa.

Igi inú rẹ̀

Ibí ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù wà. Ìrókò, ọ̀gànwó tàbí àpá ni káfíńtà wa ń lò nígbà náà, láti òkè dé ìdí, torí igi ò tíì wọ́n. Ìgbà mìíràn, tíìkì ni. Tíìkì náà ò jìnnà sí wa: Olókèméjì, igbó ọba tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ ní 1899 láàrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín ní Nàìjíríà. Ikán kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ inú ìrókò tàbí tíìkì tó gbó.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Kọ́bọ́ọ̀dù G Plan, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí ti Denmark tó ń dán bíi tíìkì yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà awọ tíìkì, ìyẹn tíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi góòmù lẹ̀, ló wà lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ jẹ́ plywood, tàbí pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti góòmù pọ̀. Wọn ò fi ṣe màgòmágó o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é kí pákó má baà ká, kí tíìkì tó wọ́n sì lè kárí. Àmọ́ wọn ò ṣe é fún ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò nígbà òjò. Bí omi bá kan ìdí rẹ̀, á wú bíi gààrí. Igi beech tí wọ́n fi ṣe férémù ọ̀pọ̀ àga ilẹ̀ Òyìnbó, oúnjẹ ikán ni.

Kí ẹ tó náwó, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ wo etí pákó: bí ìlà igi bá ti orí wá, tó sì ṣẹ́ kọ sí etí láìjá, igi gidi ni. Bí ẹ bá rí ojú ibi tí nǹkan méjì ti pàdé, awọ ni. Ẹ fa dúrọ́ọ̀ jáde, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa ń kun ibẹ̀ ní fánííṣì láti fi bo àṣírí. Bí ihò wínníwínní bá wà lára ẹsẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí aṣọ funfun. Bí ìyẹ̀fun bá jábọ́, kòkòrò ṣì ń jẹun níbẹ̀. Ìyẹn ò ní kí ẹ sá, ẹ já owó wálẹ̀, kí ẹ ra Solignum, ìyẹn oògùn kòkòrò igi, kí ẹ sì fi àga náà sílẹ̀ níta fún ọjọ́ mélòó kan torí òórùn rẹ̀.

Oríkèé rẹ̀ náà ńkọ́? Káfíńtà àtijọ́ á gbẹ́ ihò, á gbẹ́ ahọ́n, á ki ọ̀kan bọ èkejì, kò ní lo ìṣó. Bó bá ń mì, góòmù ló tán, iṣẹ́ kékeré ni. Èyí tí ẹnìkan ti wá kan ìṣó mọ́ lẹ́yìn náà ni kí ẹ bẹ̀rù.

Fóòmù àti aṣọ

Ẹ má ka fóòmù sí nínú èyíkéyìí. Àga méjì tí mo rà ní ₦30,000 jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó ṣeé jókòó sí. Tòkunbọ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀: rọ́bà gbọọrọ ló máa ń gbé kúṣìn rẹ̀ dúró, ìyẹn á sì ti gbó, á máa já bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Tèmi, túùbù ọkọ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ fọkanáísà kan ní Pánṣẹ́kẹ́. A gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a fà á le. Ó ń gbé mi di òní.

Ẹ má jẹ́ kí àdìrẹ Ìtòkú tàn yín bó ṣe tàn mí. Ó rẹwà lórí ìrókò, kò sírọ́. Ṣùgbọ́n elú tí wọn ò fọ̀ dáadáa máa ń ṣí. Bàbá ìyàwó mi wọ funfun wá kí wa lọ́jọ́ Sunday kan, ó dìde, ìdí agbádá wọn ti di aláwọ̀ aró. Wọn ò rí i. Kò sí ẹni tó lè sọ fún wọn nínú wa. Ẹ fọ àdìrẹ náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, kí ẹ sì ní kó fi aṣọ líle sí abẹ́ rẹ̀.

Ta ló ni ín?

Ohun tí kò sí nínú tòkunbọ̀ rèé, àlòkù ilé sì kún fún un. Àga ilé bàbá, ogún ni. Mo ra méjì mìíràn lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò tí n ò ní dárúkọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gbé e lọ, tiwa ni." Lọ́jọ́ kẹta, àǹtí rẹ̀ kan dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú ọkùnrin méjì.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Sórí èwo? Sórí tiwa?"

Mo dá àga padà, owó mi ò padà. Láti ìgbà náà, mo máa ń béèrè àgbà ilé kí n tó fọwọ́ kan nǹkan. A ó kọ ọ́ sínú ìwé, ẹni méjì nínú ẹbí á fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní kí n wá lálẹ́ wá gbé e, n kì í lọ.

Ti tòkunbọ̀, owó nìkan ni ìjà ibẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti fi àga àti tábìlì sínú ìwé ohun tí a ò gbọdọ̀ kó wọlé rí, àárín ẹrù mìíràn ló sì sábà máa ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í pọ̀, tí ẹni tó ní i kì í sì í fẹ́ gbọ́ iye tí ẹ máa san. Èyí tó bá dé Abẹ́òkúta ti san owó ọkọ̀ láti Èkó. Àwòrán lórí fóònù ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fi hàn yín. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ torí àwòrán.

Rédíógíráàmù

Èyí, ìyẹn rédíò àti ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin nínú àpótí kan, dá dúró. Òkè òkun ló ti wá, ṣùgbọ́n ilé bàbá lẹ ti máa rí i: Grundig tàbí Telefunken, àpótí gígùn tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí màmá àgbà ti ta kúróṣè lé lórí láti ogójì ọdún. Awọ igi lòun náà, àmọ́ torí pé pálọ̀ ló ti ń gbé, tí òjò ò pa á rí, ó máa ń dára ju ọ̀pọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ lọ. Ẹ má tì í bọ iná láti dán an wò, wáyà inú rẹ̀ á ti gbó. Ẹ rà á nítorí àpótí rẹ̀. Ilé bàbá ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá irú àpótí yìí tí ẹ máa gbé tẹlifíṣàn lé, kí ẹ tó lọ bá oníkọ̀ǹténà.

Àga á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Rédíógíráàmù ò ní wọ̀ ọ́, kọ̀rọ́pé ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì fi okùn dì í, torí òkè àti kòtò ìlú wa. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yín kí ẹ tó san owó. Tèmi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn aládùúgbò ń gbé àwo lé e lórí, kí káfíńtà tó wá tú ẹsẹ̀ rẹ̀.