"An arm and a leg" àbí "a king's ransom"?

Owó gọbọi ni àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì yìí ń sọ, àmọ́ ìlò wọn ò dọ́gba. "A king's ransom" ní ìtàn tiẹ̀: owó ìtúsílẹ̀ ọba ni. Lọ́dún 1192, wọ́n mú Ọba Richard Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítòsí Vienna, nígbà tó ń ti ogun ẹ̀sìn bọ̀. Owó tí wọ́n béèrè lé e wọ 150,000 máàkì fàdákà. Ni owó orí bá dé: ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó ń wọlé fún kálukú, wọn ò sì dá ohun èlò wúrà inú ṣọ́ọ̀ṣì sí. 1194 ni wọ́n tó fi í sílẹ̀.

"An arm and a leg", apá kan ẹsẹ̀ kan, igbe ẹni tó ń náwó ni. Bí mẹkáníìkì bá tún jẹnẹrétọ̀ ẹ ṣe, tó wá pe owó tó mú ẹ lanu, òun gan-an ni kó o lò. Ṣùgbọ́n má sọ pé ẹ̀gbọ́n ẹ jogún "an arm and a leg" o! Wọ́n á bi ẹ́ pé òkú ta lẹ gé. Ti ọba yẹn ṣeé jogún, ó sì ṣeé san. Ó kàn dún bí èdè inú ìwé jù fún ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀.