IB Diploma tí ọmọ mi ṣe: ó tó owó ẹ̀, àmọ́ ẹ bèèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń bi mí nípa IB (International Baccalaureate), ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì tọ́mọ ń ṣe kó tó wọ yunifásítì, ẹ wá gbọ́ o. Àkọ́bí mi obìnrin ti parí ẹ̀, ọdún méjì gbáko la fi ń sọdá Third Mainland ní kùtùkùtù torí Surulere là ń gbé, súkúù ẹ̀ sì wà ní Island.

Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́fà lọmọ máa ṣe, mẹ́ta ní Higher Level tó jinlẹ̀ jù, mẹ́ta ní Standard Level, máàkì 7 ló ga jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Theory of Knowledge (ẹ̀kọ́ nípa bá a ṣe ń mọ ohun tá a mọ̀) àti Extended Essay (àròkọ gígùn tọ́mọ máa ṣe ìwádìí fún) jọ ní máàkì 3, ìyẹn ló fi jẹ́ 45 lápapọ̀, CAS náà tún wà níbẹ̀, eré ìdárayá, iṣẹ́ ọnà, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ láàárín ìlú. Ẹni tí ò bá ní tó 24, kò sí dípílómà.

Essay yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju 4,000 ọ̀rọ̀ lọ, ọmọ ló sì máa wá ìbéèrè ẹ̀ fúnra ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan ìjábẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi, mò ń ja ewédú, ọmọ yìí dúró tì mí, ó ní, "Mọ́mì, káún tẹ́ ẹ fi sí i yìí, ṣé kì í ba vitamin C inú ẹ̀ jẹ́?" Mi ò mọ̀, bó ṣe pẹ́ tó tí mo ti ń se ewédú. Bó ṣe ra ewédú lọ́jà Múṣin nìyẹn, ó pín in sí ìkòkò méjì, ọ̀kan ní káún ọ̀kan ò ní, ó ń wo fóònù, ìṣẹ́jú 5, ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú 15, ó ń sẹ́ omi ẹ̀ sínú ike kéékèèké, ó ń gbé e lọ sí láàbù, ó fi sítáàṣì díẹ̀ sí i, ó wá ń kán áyódíìnì sí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi yí sí búlúù, bí áyódíìnì tó gbà bá ṣe pọ̀ tó ni vitamin C inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta ló ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní káún ni vitamin C ẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Màmá mi ní irọ́ ni, káún tí gbogbo ayé ń lò! Ọmọ náà kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀, "Màmá àgbà, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín," ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ lédè Yorùbá, inú mi dùn dé gongo.

Ibi tó dùn mí rèé. Tíṣà kẹ́mísìrì Higher Level já pá lọ́dún kejì, ọ̀sẹ̀ méje wọn ò rí arọ́pò, súkúù ò sọ fún wa, àwọn ọmọ ló ń kọ́ ara wọn lórí WhatsApp, àfìgbà tá a gba tíṣà lẹ́sìn. Owó ìdánwò náà ò sí nínú fíìsì tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá, ẹ̀yìn ni wọ́n gbé e jáde. Ẹ bi wọ́n lórúkọ lórúkọ, ta ló ń kọ́ Higher Level, ọdún mélòó ló ti wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wò ó lórí wẹ́bùsáìtì IB bóyá orúkọ súkúù náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kọ́mọ ṣe WAEC náà o, ọmọ mi ti ṣe tiẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tó jẹ́ sáyẹ́ǹsì nìkan ló fẹ́, A Level ti Cambridge, tóun náà wà fún wíwọ yunifásítì, máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó, IB ò ní gbà kó sá fún èdè.

Àbúrò ẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ní September, IB náà ni, àmọ́ kì í ṣe súkúù yẹn.