Áńtẹ́nà, díìṣì àbí íntánẹ́ẹ̀tì: èló gan-an ni tíví ọ̀fẹ́ máa ná yín ní UK?

Ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" yẹn ló máa ń kó wa sí wàhálà jàre. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bóyá iṣẹ́ care ló bá wá àbí ilé ìwé, ó gba yàrá, ó ra tíví àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan lórí Facebook ní £40, wọ́n wá sọ fún un pé tíví ọ̀fẹ́ wà níbí, pé kò sí à ń san owó oṣooṣù bíi ti dìkódà tá a fi sílẹ̀ nílé. Òótọ́ ni o. Àmọ́ kí àwòrán tó hàn, owó á ti jáde lápò ẹ, tẹ́lòmíì á sì ti jáde síbi tí kò yẹ. Temi náà ti jáde síbi tí kò yẹ rí, màá débẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Áńtẹ́nà, èyí tí wọ́n ń pè ní Freeview. Díìṣì, ìyẹn Freesat. Èyí tó sì ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, Freely, òun ló kéré jù láàárín wọn, 2024 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa fún yín ní BBC, ITV, Channel 4 àti 5 láìsan owó oṣù fún ẹnikẹ́ni. Ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé ló máa sọ èyí tó máa wọ́n àti èyí tó máa dínwó, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tó gba owó ńlá lọ́wọ́ ẹnì kan lè má ná ẹlòmíì ju £5 lọ.

Láísẹ́ǹsì kọ́kọ́ ń bọ̀ o

Èyí ni kì í sí lára àpótí tẹ́ ẹ bá rà ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọ́n. Ní April 2025, £174.50 lọ́dún ni wọ́n gbé láísẹ́ǹsì tíví sí, ìyẹn owó àṣẹ láti wo tíví, ó sì máa ń lé sí i, torí náà ẹ wo iye tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ san. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ ní báńkì, ọdún àkọ́kọ́ á fún yín lọ́rùn díẹ̀ torí oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń gba owó ọdún yẹn tán, bíi £29 lóṣù ní iye 2025, lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá wálẹ̀ sí bíi £14.50.

Ẹni tó bá ń wo tíví láìfù, bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, ló kàn. Kò sí ọ̀rọ̀ pé fóònù ni mo fi ń wò ó tàbí pé ilé iṣẹ́ tíví Nàìjíríà ni mò ń wò kì í ṣe tiwọn, láìfù ni láìfù. BBC iPlayer náà kàn yín, kódà kó jẹ́ ètò ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àmọ́ tó bá jẹ́ fíìmù Yorùbá tó ti wà lórí YouTube lẹ máa ń wò ní tiyín, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan Netflix, tẹ́ ò sì fọwọ́ kan láìfù rárá, ẹ ò nílò láísẹ́ǹsì, ẹ sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń gba owó láísẹ́ǹsì lórí wẹ́ẹ̀bù wọn kí lẹ́tà wọn tó máa rọ́ wá sílé yín. Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un ṣá, ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn tó £1,000 fún ẹni tí wọ́n bá mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbélé, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Tó bá jẹ́ ìwé àdéhùn kan ni gbogbo yín jọ fọwọ́ sí, láísẹ́ǹsì kan ti tó. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé oníkálukú ló gba yàrá tiẹ̀ lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìwé tiẹ̀, oníkálukú ló máa ra tiẹ̀. Ẹni mẹ́rin nínú ilé kan, £698 nìyẹn lọ́dún ní iye 2025, torí ọ̀fẹ́.

Áńtẹ́nà: ẹ kọ́kọ́ wo ara ògiri

Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, níbi tí tíví ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1959, ṣùgbọ́n áńtẹ́nà tiwa, orí ọparun ló wà lẹ́yìnkùlé. Bọ̀ọ́dá mi á máa yí ọparun, èmi á dúró lójú fèrèsé. "Ó ti dé?" "Ó ti dé!" Kó tó fọwọ́ kúrò, "Ó tún ti lọ o!" Nígbà tí mo wá dé London mo rò pé ọ̀rọ̀ ọparun ti tán. Mo gba yàrá kan ní Plumstead, mo lọ ra áńtẹ́nà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé, £18, wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé yóò gba tíví láti ọgọ́rùn-ún máìlì. Tí bọ́ọ̀sì bá ti ń kọjá báyìí, ojú akéde ìròyìn á fọ́ sí wẹ́wẹ́ bíi gàrí. Mo tún lọ ra bóòsítà £22. Bóòsítà ò dá nǹkan kan sílẹ̀, ohun tó bá rí ló ń sọ di ńlá, tó bá jẹ́ ìdọ̀tí ló rí, ìdọ̀tí ńlá lẹ máa rí gbà. Owó yẹn ti di £40. Ọdún kejì ni mo ń sún wọ́dùróòbù láńlọ́ọ̀dù torí bàtà tó bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, kí ni mo rí lára ògiri? Sókẹ́ẹ̀tì áńtẹ́nà. Funfun báláú, ó ń wò mí. Áńtẹ́nà tó wà lórí òrùlé ilé náà ni wọ́n fà wọ yàrá láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo ra wáyà kékeré tó ń so sókẹ́ẹ̀tì mọ́ tíví, £4, mo tẹ tíví pé kó wá ṣáńẹ́ẹ̀lì, gbogbo ẹ̀ rọ́ wọlé.

Nítorí náà tó bá jẹ́ fíláàtì lẹ̀ ń gbé, ẹ yẹ ara ògiri wò, ẹ wo ẹ̀yìn àga, ẹ wo ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì. Fíláàtì tó pọ̀ ló ní áńtẹ́nà àjọlò lórí òrùlé. Tó bá wà, iye tí Freeview máa ná yín ò ju wáyà yẹn lọ, torí tíví tí wọ́n ń tà ní UK láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ti ní ohun tó ń gba Freeview nínú. Tíví tó bá dàgbà ju ìyẹn lọ máa nílò àpótí, £25 sí £40, kẹ́ ẹ sì rí i pé Freeview HD ló wà lára ẹ̀, ẹ má gba èyí tí ò ní HD bí wọ́n tiẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ.

Tí kò bá sí sókẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé ló kù. Òpó ńlá Crystal Palace tí gbogbo ará Peckham àti Camberwell mọ̀ yẹn, mítà 219 ni gíga ẹ̀, ibẹ̀ ni tíví London ti ń wá. Ẹni tó bá rí òpó yẹn láti ojú fèrèsé ẹ̀, áńtẹ́nà inú ilé £10 sí £20 máa ṣe é, kó má wulẹ̀ ra èyí tó wọ́n. Àwa tí òkè bíi Shooters Hill wà láàárín àwa àti òpó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan ara yín, áńtẹ́nà ìta lẹ nílò. Ẹ̀yin Manchester, Winter Hill ni tiyín. Birmingham, Sutton Coldfield. Leeds, Emley Moor. Àwọn àdúgbò kan wà tó jẹ́ òpó kékeré ló ń fún wọn, àwọn yẹn kì í gba gbogbo ṣáńẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni áńtẹ́nà wọn máa ń dúró lóòró dípò kó dùbúlẹ̀. Ẹ wo orí òrùlé aládùúgbò kẹ́ ẹ tó gun tiyín, bí tiwọn ṣe kọjú ni kí tiyín kọjú.

Oníṣẹ́ tó wá fi áńtẹ́nà ìta síbi tí àbúrò mi ń gbé ní Abbey Wood gba £140, iṣẹ́ àti ohun èlò lápapọ̀. Mo ti gbọ́ £100, mo ti gbọ́ £200 náà, ó wà lọ́wọ́ gíga ilé. Wáyà tó lò ni kẹ́ ẹ bèèrè, kó jẹ́ èyí tó dáa tí wọ́n ń lò fún díìṣì, tí kọ́pà wà nínú ẹ̀ dáadáa. Wáyà burúkú ló ń ba áńtẹ́nà rere jẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ní àjà lábẹ́ òrùlé, ó lè fi síbẹ̀, á dínwó díẹ̀, òjò àti afẹ́fẹ́ ò ní yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n síńgáàlì náà á dínkù.

Díìṣì: ó dáa fẹ́ni tó bá ti bá a nílé

Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó lọ fi díìṣì tuntun síbi tí áńtẹ́nà ti ń ṣiṣẹ́. Owó oníṣẹ́ bíi £130, àpótí Freesat bíi £60, láńlọ́ọ̀dù tún gbọ́dọ̀ gbà kẹ́ ẹ tó lu ihò sára ògiri ẹ̀, ìyẹn nìkan tó fa ìjà. Àmọ́ ilé tó pọ̀ ní ìlú yìí ni ẹni tó kó jáde ti fi díìṣì Sky, ilé iṣẹ́ tíví olówó oṣù, sílẹ̀ lára ògiri. Díìṣì yẹn, apá ibi tí Freesat wà náà ló kọjú sí, ẹ lè fà á wọlé kẹ́ ẹ so ó mọ́ àpótí Freesat, ẹ ò jẹ Sky ní gbèsè kankan. Ìdẹkùn kan ló wà níbẹ̀ o: tó bá jẹ́ àpótí Sky Q ni wọ́n lò gbẹ̀yìn, orí tó wà níwájú díìṣì yẹn yàtọ̀, àpótí Freesat lásán ò ní bá a sọ̀rọ̀. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yí orí náà padà, kò wọ́n, àkàbà tẹ́ ẹ máa gùn débẹ̀ ló le.

Ẹ má sì ra àpótí àtijọ́ tí kò ní HD lórí eBay torí pé £10 ni. Láti January 2024 ni BBC ti yọwọ́ kúrò nínú èyí tí kì í ṣe HD lórí sátẹ́láìtì, àpótí yẹn ò ní gbé BBC fún yín mọ́.

Ibi tí díìṣì ti ń na áńtẹ́nà ni ibi tí òkè tàbí ilé gogoro ti dí òpó pa. Díìṣì ò bìkítà fún òpó kankan, ojú ọ̀run ló ń wò, ó kàn ń fẹ́ kí apá gúúsù síhà ìlà oòrùn ṣí sílẹ̀ ni. Tí báńkónì yín bá kọjú sí àríwá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Freely: wáyà kankan ò sí, àmọ́...

Èyí làwọn ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn. Kò sí áńtẹ́nà, kò sí díìṣì, wáì-fáì ló ń lò. Ó ti wà nínú àwọn tíví tuntun kan, Hisense ló kọ́kọ́ gbé e jáde, ní 2025 sì ni àwọn àpótí ẹ̀ wá dé fún ẹni tí ò fẹ́ ra tíví tuntun, bíi £70 sí £100. Ẹni tó ń gbé fíláàtì tí láńlọ́ọ̀dù ti ní kò gbọ́dọ̀ kan nǹkan mọ́ ògiri, òun gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ ṣọ́ra fún tíví tí wọ́n bá kàn pè ní "smart", smart ò túmọ̀ sí pé Freely wà nínú ẹ̀, orúkọ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wá lára páálí.

Ẹjọ́ tí mo ní sí i, ó máa ń pẹ́ dé. Tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ, àwọn tó ń lo áńtẹ́nà á ti pariwo góòlù lókè yín kí ẹni tó fẹ́ gbá a tó gbé ẹsẹ̀ sókè lójú tiyín. Kọ́ọ̀pù Àgbáyé 2026, BBC àti ITV ló pín in láàárín ara wọn, ọ̀fẹ́ ni, Super Eagles ò kúkú sí níbẹ̀ tí ọkàn èèyàn á fi máa já. Ẹ̀yin tó jẹ́ Arsenal àti Chelsea láìfù nínú Premier League lẹ̀ ń wá, kò sí èyí tó máa ṣe é fún yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Match of the Day lálẹ́ Sátidé lẹ máa rí.

Ká wá ṣírò ẹ̀

Ọdún àkọ́kọ́, láísẹ́ǹsì ti wà nínú ẹ̀ ní iye 2025, £174.50. Sókẹ́ẹ̀tì wà lára ògiri, wáyà £5: £179.50. Áńtẹ́nà ìta tuntun, £140: £314.50. Díìṣì tẹ́ ẹ bá nílé, àpótí £60: £234.50. Díìṣì tuntun àti àpótí: £364.50. Àpótí Freely, ká gbà á ní £100: £274.50, ìyẹn tẹ́ ẹ bá ti ń sanwó íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ torí tíví lẹ ṣe fẹ́ gba íntánẹ́ẹ̀tì ní £28 lóṣù, £336 ń bọ̀ lórí ẹ̀, ó di £610.50, ọ̀fẹ́ ọ̀hún ti di nǹkan míì.

Láti ọdún kejì lọ, láísẹ́ǹsì nìkan ló kù fún áńtẹ́nà àti díìṣì. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ pa áńtẹ́nà rẹ́, láísẹ́ǹsì àwọn tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́ ṣì ń lọ títí di 2034, £140 yẹn á ti san ara ẹ̀ padà kó tó dìgbà náà.

Tó bá jẹ́ èmi, màá kọ́kọ́ fi postcode mi wá a lórí wẹ́ẹ̀bù Freeview, ó máa sọ ṣáńẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó dé ilé mi. Tó bá ní síńgáàlì ò dára níbẹ̀, màá wá bèèrè díìṣì. Nǹkan kan tó tún ń ba tíví jẹ́ fáwọn èèyàn: ìgbà ooru, tí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere tí afẹ́fẹ́ ò sì fẹ́, àwòrán máa ń fọ́ láàárọ̀ tàbí lálẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹ má tẹ retune, èyí tó ń ní kí tíví tún ṣáńẹ́ẹ̀lì wá, nígbà yẹn o. Ìyá mi tẹ̀ ẹ́ nígbà tó wá kí wa, gbogbo ṣáńẹ́ẹ̀lì tó ti wà nílẹ̀ ló pa rẹ́ tí kò sì rí òmíì, ó ní òun ò ṣe nǹkan kan, òun kàn tẹ rímóòtù ni. Ẹ fi sílẹ̀, á padà fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Bóòsítà £22 yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá mú un, ìyẹn gan-an ni ọ̀fẹ́.