Ọ́fíìsì kan náà: ìwé àṣẹ ìbọn àti ilé gbàǹjo lọ́wọ́ ṣẹ́ríìfù ní Ohio

Ẹ má bínú, àgbéyẹ̀wò yìí máa gùn díẹ̀. Ọ́fíìsì ṣẹ́ríìfù káúńtì wa (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ nílé) ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mi ò ní dárúkọ káúńtì náà, torí ibẹ̀ ni mò ń gbé, mo sì ṣì máa padà dé iwájú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti náwó lọ́dọ̀ wọn. Ní 2023, mo gba ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ aṣọ. Ní 2024, mo ra ilé tí gbèsè gbà lọ́wọ́ onílé. Nígbà tí mo lọ gbàwé ìbọn, wọ́n yẹ̀ mí wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí mo lọ ra ilé, kò sẹ́ni tó yẹ ohunkóhun wò, àti èmi àti ilé.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé: ṣẹ́ríìfù kì í ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá tí gómìnà yàn. Ará ìlú ló ń dìbò yàn án lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, káúńtì kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀. Méjìdínláàádọ́rùn-ún ni káúńtì Ohio, ìyẹn 88. Òun ló ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n káúńtì, òun ló ń jíṣẹ́ kóòtù, òun náà ló ń lu ilé ní gbàǹjo bí adájọ́ bá ti ní kí wọ́n tà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìbọn kúrò nílẹ̀. Láti June 13, 2022, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì kà á léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ aṣọ ní Ohio láìgba ìwé kankan. Ìyàwó mi bi mí pé, “Kí lẹ tún ń wá ìwé sí nígbà náà?” Mo ní ìdí méjì ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò fẹ́ kí èèyàn gbé ìbọn wá sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n ó yọ ẹni tí ìpínlẹ̀ náà bá fún ní ìwé àṣẹ sílẹ̀, ilé ìwé àwọn ọmọ kékeré sì ni ẹ̀yìnkùlé wa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tírélà ni mò ń wà, mo máa ń gba ìpínlẹ̀ míì kọjá, àwọn kan lára wọn sì ń ka ìwé Ohio sí. Kì í ṣe gbogbo wọn o. New York kò ka ìwé ìpínlẹ̀ kankan sí, nítorí náà tí iṣẹ́ bá gbé mi débẹ̀, ìbọn ń sùn sílé ni.

Ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n ń béèrè, wákàtí méjì nínú rẹ̀ ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìbọn yíyìn gan-an. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́ wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ ká fọwọ́ kan ìbọn títí di ọ̀sán, òfin ló ń kà sí wa létí: ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ gbé e wọ̀, ohun tí ẹ máa sọ tí ọlọ́pàá bá dá yín dúró. Èmi tí mo dúdú, tí mo tún ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìlọrin, apá ọlọ́pàá yẹn ni mo fetí sí jù.

Mo wá gba ọjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo mú ìwé ẹ̀kọ́ dání lọ. Wọ́n tẹ ìka mi sórí ẹ̀rọ, wọ́n ya fọ́tò mi, mo san $67. Ẹni tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ohio a máa san $91. Obìnrin tó jókòó sí káńtà bi mí bóyá mo ti ṣẹ̀wọ̀n rí, bóyá mo ti na ìyàwó rí, bóyá mò ń lo oògùn olóró, bóyá kóòtù ti kéde rí pé orí mi kò pé. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Òfin fún wọn ní ọjọ́ 45, ọjọ́ 9 ni tèmi gbà. Ọdún márùn-ún ni ìwé náà máa lò. Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún, mi ò ní yọ ìdajì.

Ohun méjì ni kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí fi sọ́kàn ṣá. Tó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò lẹ fi wà ní Amẹ́ríkà, ẹ jìnnà sí ìbọn, òfin ìjọba àpapọ̀ kà á léèwọ̀ fún yín, àfi àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ bí ẹni tó níwèé ọdẹ. Èèwọ̀ yìí kò kan ẹni tó ní gírínkáàdì. Èkejì ni igbó. Ohio ti fàyè gba igbó mímu fún àgbàlagbà láti òpin 2023, ṣùgbọ́n lójú ìjọba àpapọ̀, amugbó kò gbọdọ̀ ní ìbọn. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó rò pé méjèèjì lè jọ wà nínú àpò kan náà. Àti pé kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwé yìí já mọ́ nǹkan kan ní Nàìjíríà. Ìbọn ìléwọ́ wà lára ohun tí òfin ìbọn nílé kà léèwọ̀ fún ará ìlú.

Ó di ti ilé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí nìyí. Ẹni tó yá owó bánkì kọ́lé kò sanwó mọ́, bánkì gbé e lọ sí kóòtù, adájọ́ dájọ́ pé kí wọ́n ta ilé náà. Ṣẹ́ríìfù á yan èèyàn mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn láti díye lé e. Ní gbàǹjo àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ lọ ní iye tí kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n dá lé e. Tí wọ́n bá ní ilé tó $75,000, $50,000 ni owó ti máa bẹ̀rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ ti ń lọ báyìí, kò sí pé ẹnì kan ń lu agogo lórí àtẹ̀gùn kóòtù mọ́. Ilé tí iye rẹ̀ bá ju $10,000 lọ tí kò sì ju $200,000 lọ, $5,000 ni àsansílẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn gbàǹjo, adájọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà náà, láti ọjọ́ yẹn lẹ ní ọjọ́ 30 láti san ìyókù. Ẹni tí kò bá san, àsansílẹ̀ rẹ̀ lè wọgbó, adájọ́ sì lè kà á sí ẹni tó tàpá sí kóòtù.

Ìwé gbàǹjo kò sọ̀rọ̀ lórí ohun tó wà nínú ilé. Ẹ kò lè wọ̀ ọ́ wò. Títí adájọ́ fi máa fọwọ́ sí i, ilé onílé ni, bí ó tilẹ̀ ti kó jáde, ẹni tó bá sì fo fèrèsé wọlé, olè ni. Àwọn mẹ́ta tó díye lé e pàápàá, láti títì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wò ó. Ẹja ni àbí àkàn, ọjọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ lẹ máa mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ gan-an ńkọ́? Wọn kì í fún yín ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dánwò. Ilé àkọ́kọ́, $96,000 ni wọ́n dá lé e, mo bẹ̀rẹ̀ ní $64,000, bánkì tó pẹjọ́ sì gbé e kọjá agbára mi láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé gbèsè tí wọ́n jẹ bánkì ló fi ń ná ọjà. Kò yọ kọ́bọ̀ lápò. Ẹ kò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ du nǹkan àfi tí ilé náà bá ti tó ohun tó fẹ́ gbà.

Ilé kejì, mo jẹ ẹ́. $84,000 ni wọ́n dá lé e, mo mú un ní $61,500. Mo ti pe bọ̀ọ̀dá mi ní Ìlọrin, wọ́n ti gbàdúrà sí i lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé dé pé onílé ti san gbogbo gbèsè rẹ̀. Òfin Ohio gbà á láyè bẹ́ẹ̀: kí adájọ́ tó fọwọ́ sí títà, ẹni tó jẹ gbèsè lè kó owó wá kó sì gba ilé rẹ̀ padà. Mo bínú. Mo wakọ̀ gba iwájú ilé náà kọjá lọ́jọ́ Sátidé kan, mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó ń bomi rin òdòdó, mo sì wakọ̀ mi lọ.

Ohun tó bí mi nínú ju ìyẹn lọ ni àsansílẹ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni $5,000 náà fi wà lọ́dọ̀ wọn. Ọ́fíìsì ní kóòtù kò tíì kọ̀wé, kóòtù ní àwọn ti kọ̀wé, ẹ̀rọ ló ń gbé fóònù. Ọjọ́ tí mo lọ fúnra mi, káńtà ìbọn wà lápá òsì, káńtà gbàǹjo wà lápá ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́fà láàárín wọn. Lápá òsì, èèyàn méjìlá ti wọlé jáde kí lápá ọ̀tún tó dá mi lóhùn.

Ilé kẹta, oṣù kẹwàá 2024. Wọ́n dá $75,000 lé e, mo jẹ ẹ́ ní $53,200. Ó ku $48,200. Bánkì kò ní yá èèyàn lówó lórí ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ̀ wò, nítorí náà owó tó wà nílẹ̀ ni. Mo ní $28,200, ìyókù wà nínú àjọ. Ogún ni wá nínú àjọ náà, $1,000 lóṣù, oṣù kejì 2025 ló sì yẹ kí n kó. Adájọ́ fọwọ́ sí títà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá. Ọjọ́ 30! Mo lọ bá màmá alájọ nílé, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Wọ́n ní, “Dìde, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹlòmíì du ẹlòmíì, àfi kó o bá ẹni tó máa kó lóṣù yìí sọ̀rọ̀.” Àǹtí kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló yọ̀ǹda tiẹ̀ fún mi. Wọn ò gba èlé, wọ́n ní kí n sáà máa fi wọ́n sádùúrà. Mo sanwó nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Oṣù kìíní 2025 ni ìwé ilẹ̀ jáde lórúkọ mi. Mo pe alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn. Òtútù ló kọ́kọ́ kí wa. Wọ́n ti gé gáàsì ilé náà, omi tó wà nínú páìpù ti di yìnyín, páìpù ti bẹ́ níbi mẹ́ta, omi ti dúró nínú àjà ilẹ̀ dé kókósẹ̀. Ẹ̀rọ amúlégbóná ti kú. Ara ògiri ti bu. Ẹnì kan ti gé páìpù bàbà tó wà lókè lọ tà. Wọ́n fi téèpù di ilẹ̀kùn fíríìjì pa, mo sì fi òmùgọ̀ já téèpù náà. Títí oṣù karùn-ún, $14,000 àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ ló bá a lọ.

Ṣé mo pàdánù? Rárá. Lápapọ̀, iye tí mo ná ṣì kéré sí ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ ní àdúgbò náà. Ọ́fíìsì kò sì purọ́ fún mi. Ohun tí wọ́n kọ náà ni wọ́n tà. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún apá ọ̀tún: ọ̀kan fún ìkànnì wọn tó mọ́lẹ̀, ọ̀kan fún owó tí kò ní àbòsí nínú, ọ̀kan fún ìwé ilẹ̀ tó jáde láìlábàwọ́n. Méjì tó kù wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé fóònù.

Ẹ ṣọ́ra fún gbàǹjo kejì. Ilé tí kò bá rí ẹni rà á lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á tún gbé e wá láàárín ọjọ́ 7 sí 30, kò sì ní iye ìpìlẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ pé ẹnì kan ra ilé ní owó tí kò tó ti mọ́tò àlòkù. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé tí owó tí wọ́n tà á kò bá tó san ìnáwó kóòtù àti owó orí ilé tó ti kóra jọ, ẹni tó rà á ló máa fi tirẹ̀ dí i. Bákan náà, tí ìjọba àpapọ̀ bá ní gbèsè owó orí lórí ilé náà, wọ́n ní ọjọ́ 120 lẹ́yìn títà láti rà á padà lọ́wọ́ yín. Èmi san owó fún lọ́yà kí ó lọ ka fáìlì ẹjọ́ náà ní kóòtù kí n tó ná ilé kẹta. $350. Nínú gbogbo owó tí mo ná, òun nìkan ni kò dùn mí.

Ayálégbé ti wọ ilé náà láti oṣù kẹfà. Lẹ́tà ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì ń wá, mo máa ń kọ “kò sí níbí mọ́” sára rẹ̀, mo sì ń dá a padà. Tí òjò bá pọ̀, omi ṣì ń rin ògiri àjà ilẹ̀ lápá àríwá, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ èmi àti púlọ́ńbà.