Ọpọ́n ayò Ọ̀yọ́: ihò rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Lójú ẹni tó ń kọjá lọ níwájú ọjà Akẹ̀sán, gbogbo ọpọ́n ayò tí wọ́n ń gbẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́ ló dára. Ọwọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú náà mọ́, ọnà ara igi wọn sì ṣeé wò láwòtúnwò. Ṣùgbọ́n ọpọ́n tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀ fún ẹwà yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀ta méjì, ìyẹn àwọn tó mọ ayò ta dáadáa, máa jókòó tì láti ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹgbẹ́ aláyò àti ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gbé ìdíje kalẹ̀ ni àyẹ̀wò yìí wà fún. Ayò ti di ọ̀kan lára eré ìbílẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ fi ń figagbága níbi ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe l'Ékòó lọ́dún 1973. Ó yẹ kí ọpọ́n tí a fi ń kọ́ ọmọ nílé jọ èyí tó máa bá pàdé níta.

Ẹ jẹ́ kí á ti ibi ihò bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọpọ́n ti ń kùnà. Ihò méjìlá ni, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Mẹ́rin kì í ṣòro fún ihò èyíkéyìí láti gbà. Odù, ìyẹn ọmọ ayò púpọ̀ tí a kó jọ sínú ihò kan, ni wàhálà. Ọ̀ta kì í tètè tú odù rẹ̀. Ó lè fi sùúrù kó 15 tàbí 18 jọ sójú kan kó tó gbé e. Ihò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, tó sì jìn tó 3.5, máa gba nǹkan bí 25 láìkún àkúnya. Èyí tó fẹ̀ ní 5, tó jìn ní 2.5, kò lè gbà ju bíi mẹ́wàá lọ. Bí odù bá kún bò ó, ọmọ ayò á yí sínú ihò tó tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó máa lè fọwọ́ sọ̀yà pé iye báyìí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọpọ́n olówó ńlá tí wọ́n ya ẹṣin àti ọba sí létí, tí ihò rẹ̀ wá kéré bí ife ọtí, kò wúlò fún ìdíje rárá.

Ìdí ihò náà ṣe pàtàkì. Ó gbọ́dọ̀ rí róbótó bí inú ìdajì igbá kékeré. Àwọn kan ti ń fi ẹ̀rọ lu ihò báyìí, ìdí rẹ̀ á pẹlẹbẹ, á sì ní igun. Ọmọ ayò kan lè há sí igun yẹn, kí ọwọ́ má bá a. Ẹni tó rò pé òun kó 12 lè má kó ju 11 lọ, àti pé 11 àti 12 kì í ṣe ẹgbẹ́ nínú ayò: 11 parí síhò tó ṣáájú èyí tí a ti kó o, nígbà tí 12 máa yí ọpọ́n po, á fo ihò tó ti jáde, á sì bọ́ síwájú rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ da 20 sínú ihò kan, kí ẹ fi ìka mẹ́ta gbá a jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, ẹ wo òmíràn. Kí ògiri àárín ihò sí ihò sì tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Èyí tó bá tín-ín-rín jù, ọmọ ayò fúnra rẹ̀ ló máa fọ́ ọ létí.

Ní ti igi, apá la fara mọ́ jù. Ó wúwo, kì í sún kiri bí a ti ń ta á, kì í sì í fẹ̀ tàbí kó súnkì púpọ̀ bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ìrókò tẹ̀ lé e. Ìkán kì í fẹ́ ẹ. Ọ̀mọ̀, tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, fúyẹ́, ó sì rọ̀ láti gbẹ́, àmọ́ ihò rẹ̀ tètè ń jẹ. Arère ni kí ẹ yẹra fún: ó rọ̀ jù, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tó ń ba ọpọ́n Ọ̀yọ́ jẹ́ jù lọ ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ lára igi tútù. Omi máa ń tètè gbẹ kúrò ní orí igi méjèèjì ju àárín lọ, nítorí náà bí ọyẹ́ bá ti dé, orí yẹn á sán, sísán náà á sì tọ ojú igi wọnú ihò àkọ́kọ́. Ẹ yẹ orí méjèèjì wò kí wọ́n tó fi fáníṣì bò ó. Bí ẹ bá rí ọkàn igi, ojú róbótó tí àwọn òrùka yí ká, ẹ má rà á, á là dandan. Ẹni tó bá ń ṣe ọpọ́n fún yín, ẹ sọ fún un kó gbẹ́ ẹ tán, kó fi òróró pa orí méjèèjì, kó gbé e síbòji fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kùn ún. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n gbẹ́ lára igi kan ṣoṣo ló dára jù fún ìdíje: kí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí ó fẹ̀ ní 20, kí ó nípọn ní 5, kí ìdí ihò lè ṣẹ́ ku sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Èyí tó ń pa dé bí ìwé rọrùn láti gbé lọ sókè òkun, ṣùgbọ́n ìṣó tí wọ́n fi kan irin ilẹ̀kùn kékeré mọ́ ọn sábà máa ń la igi, bí irin náà bá sì ti dẹ̀, apá kan á ga ju èkejì lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin dára fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgbàlagbà tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ti mì.

Ọmọ ayò tó ń bá ọpọ́n wá ni ẹ má ṣe gbára lé. Wọ́n sábà máa ń kó ńlá àti kékeré pọ̀, ojú kò sì ní lè fi ìwọ̀n odù mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Èso ṣàyò gidi, aláwọ̀ eérú, tó dán, ni kí ẹ béèrè. Èso yìí kan náà ni wọ́n fi ń ta wárì ní Antigua àti Barbados, níbi tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà gbé eré náà dé, ihò méjìlá àti 48 sì ni tiwọn náà títí di òní. Ẹ ra 54 dípò 48, torí yóò sọnù. Òkúta àti bọ́ọ̀lù gíláàsì kékeré tí ọmọdé fi ń ṣeré máa ń ha ihò.

Ọ̀dà nínú ihò kò dára, á bó, á sì lẹ̀ mọ́ ọmọ ayò nígbà ooru. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ fi àdín díẹ̀ pa á, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ta á.